Bí Igbà Bàbá Bùnmi Ṣe Gbé Mi Kúrò Lórí Òkè Ìmèrí

Ojú mi méjèèjì tó wà lórí mi yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. N kò gbọ́ ọ lórí rédíò, n kò sì wò ó nínú fóònù ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sílé mi nílùú Ìgbẹ́tì, màá ká ṣòkòtò mi sókè, màá fi ojúgun mi hàn án.

Èmi Làmídì agbẹ́kàǹga ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìwé kẹta ni mo kà tí mo ti ní ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni láti ìlú wa títí dé Kíṣí, wọ́n á sọ fún yín pé kò sí ilẹ̀ tí mo tẹ̀ tí n kò mọ ibi tí omi rẹ̀ sùn sí. Mo ti wọ inú kànga tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò lè bẹ̀ wò. Mo ti fi okùn fa ènìyàn jáde láàyè nínú ilẹ̀ tó ya lulẹ̀. Èmi ni mo máa ń fa ènìyàn. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti tú mi sílẹ̀ lẹ́yìn, ẹnìkan kò gbé mi rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

ÌLÚ Ọ̀WỌ̀

Ràfíù ló ní kí n wá. Wẹ́dà ni, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta mábù lọ́dọ̀ wa, agboolé wa ló gba yàrá sí, a sì mọwọ́ ara wa débi pé ìyàwó mi kì í bu oúnjẹ tèmi kó má bu tirẹ̀. Nígbà tó padà sílé, kò yé pè mí.

"Làmídì, wá wo ìlú ènìyàn."

"Ṣé ìlú ẹranko ni Ìgbẹ́tì ni?"

Báyìí là ń fi rẹ́rìn-ín, tí ọdún ń gorí ọdún, títí mo fi gbéra.

Mo rò pé mo mọ ohun tí mò ń lọ bá. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí. Àṣé Yorùbá gbòòrò ju bí mo ti rò ó lọ. Agboolé Ràfíù wà láàárín ìlú gan-an, nítòsí ọjà. Bí mo ti wọlé, tí àwọn ìyá ń kí ara wọn, mo dúró bí ẹni tí wọ́n mú lọ síbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń kọjá lójú mi, n kò rí i mú. Ilé, ulé ni wọ́n ń pè é. Iṣu, usu. Ìlú wọn fúnra rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbé e jáde: Ọ̀ghọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ̀ pé àlejò ni mí, kíá ni wọ́n á pa èdè wọn tì, wọ́n á bá mi sọ èyí tó yé mi. Ọmọ kékeré pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà tí mo kọ́kọ́ rí lára wọn nìyẹn: wọn kì í jẹ́ kí àlejò dúró sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Nílé wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ẹ̀rín là ń fi àlejò rín kí a tó fún un lómi.

Mùsùlùmí ni gbogbo agboolé Ràfíù, télọ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn ìyàwó ń ta aṣọ. Ìjọ Áńgílíkà ni ilé tó kọjú sí wọn, bàbá ilé náà sì ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì. Bí mo ti dé, ilé yìí gún iyán, ilé tọ̀hún gbé ìgbín wá. Mo rí olóyè kan tó ń lọ sí ààfin. Iyùn ọrùn rẹ̀ wúwo, aṣọ rẹ̀ kò jọ ti àwọn olóyè wa rárá. Ràfíù ní nǹkan àwọn àti Bìní ni, láti ayé àtijọ́. Èmi tí kì í yára dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ni mo bá ara mi.

Ọjọ́ kejì, Bùnmi ìyàwó Ràfíù gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ kan tó dúdú bí omi kànga tí ewé ti já sí. Marúgbó ni wọ́n ń pè é. Mo wò ó, mo tún wo Ràfíù.

Bùnmi ní, "Bọ̀dá Làmídì, ẹ má fi ojú tọ́ ọ wò, ẹnu ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò."

Mo fi ẹnu tọ́ ọ wò. Ó korò díẹ̀, ó ta díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùn dé etí. Mo ní kí wọ́n gún iyán sí i.

ÌMÈRÍ

Ọmọ Ìmèrí ni Bùnmi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ó ní a kò lè jẹ́ kí àlejò tó wá láti ibi tó jìnnà tó báyẹn lọ láì kí bàbá òun. Ni a bá lọ, a gba Ìdóàní kọjá. Ìlú ńlá àtijọ́ ni Ìdóàní. Bí ẹ bá rí iṣu tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún àgbẹ̀.

Òkè wá yọ. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ òkè tiwa. Ìhòòhò ló wà. Oòrùn ń ràn sí i lórí, ó ń dán bí orí apárí. Òkè tiwọn wọṣọ. Igbó bò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, níbi kọ̀ọ̀kan nìkan ni àpáta ti yọ èjìká jáde. Mo wò ó, mo sọ nínú ara mi pé òkè nìyí.

Nígbà tí a dé oko bàbá Bùnmi, a kò rí i. Ohùn ló kọ́kọ́ kí wa.

"Ẹ káàbọ̀ o! Bùnmi, ṣé dáadáa lẹ dé?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Orí ọ̀pẹ ni bàbá wà. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fara ti igbà lẹ́yìn bí ẹni tó jókòó sórí àga, ó ń gé ẹyìn. Ó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè lọ́hùn-ún, ó sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó wá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ju igbà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Mo wò ó títí ó fi tẹlẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ okùn ló lè mọ ẹwà ohun tí mo rí.

Igbà náà nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Okùn inú igbó ni, ọwọ́ ni wọ́n fi là á, tí wọ́n fi hun ún, tí wọ́n fi lọ́ ọ pọ̀, ọdún púpọ̀ sì ti jẹ́ kó dán. Ó fi kọ́ ara ògiri ahéré, lórí ìṣó kan tí kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i.

Bùnmi kígbe, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́! A kì í fọwọ́ kan igbà bàbá."

Mo fa ọwọ́ padà. Kò bí mi nínú. Okùn kànga tèmi náà, ìyàwó mi kò tó bẹ́ẹ̀ láti sá aṣọ lé e.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, Bùnmi ní kànga lò ń gbẹ́. Nígbà tí o bá wà nísàlẹ̀, ta ló ń pàṣẹ, ìwọ tàbí ẹni tó wà lókè?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹni tó wà nínú kòtò ló ń pàṣẹ. Bó bá ní fà, wọ́n á fà. Bó bá ní dúró, wọ́n á dúró. Òun ló ń rí ikú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Lórí ọ̀pẹ, kò sí ẹni tí a lè pàṣẹ fún."

ÀPÁTA

Délé, ẹ̀gbọ́n Bùnmi ọkùnrin, ló bi mí bóyá mo fẹ́ rí bí ilẹ̀ wọn ṣe rí láti òkè. Ràfíù ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé mo ti dàgbà. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo ti wọ bàtà kó tó parí ọ̀rọ̀.

Òjò ti rọ̀ lóru. Délé ń lọ níwájú, ó ń di gbòǹgbò igi mú, ó ń tẹ ilẹ̀ abẹ́ igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má gba orí àpáta o."

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lábẹ́ òkè tiwa, ẹ ó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Kí ni bàbá wa kọ́ wa? Àpáta ni ọ̀nà. Inú koríko ni ejò ń gbé. Ibi tí ojú rẹ kò bá tó, má fi ẹsẹ̀ rẹ síbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sáré lórí àpáta láì wọ bàtà, ẹsẹ̀ mi kò yẹ̀ rí. Ọmọkùnrin yìí wá ní kí n fi àpáta tó mọ́ sílẹ̀, kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ inú ewé tí n kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gba orí àpáta.

Àpáta tiwọn kì í gbẹ. Igi ṣíji bò ó, nǹkan tútù kan sì wà lára rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, mo gbé òsì, n kò rí ilẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ ohùn Ràfíù pé "Làmídì!" Mo ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo dúró, inú pàlàpálá àpáta méjì ni mo wà, ó jìn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Ọ̀nà tó kọjú sí kì í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń kọjú sí.

NÍNÚ PÀLÀPÁLÁ

N kò sunkún. Ràfíù lè jẹ́rìí. Òun ló ń sunkún, ó jókòó sétí àpáta lókè, ó ń ka àdúà, ó ń dá a dúró láti bú mi.

"Orí kunkun! Kí ni màá sọ fún ìyàwó rẹ? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Máa ka àdúà rẹ lọ."

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù, ẹsẹ̀ ni. Nínú kànga, ẹsẹ̀ méjèèjì là ń fi há ara ẹni sáàárín ògiri bí a bá ń gòkè. Agbẹ́kàǹga ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹnu kànga ni yóò jókòó sí máa fa garawa fún ẹlòmíràn títí tí yóò fi kú. Mo wo ilẹ̀ tí mo jókòó lé. Iyanrìn ni, ó mọ́, ó rìn láti òkè wá sísàlẹ̀ ní ìlà kan. Ẹni tó mọ omi kì í ṣi èyí mọ̀. Ojú àgbàrá ni. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ti ṣú.

Fóònù kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè yẹn, tèmi sì ti fọ́. Délé kò da fóònù láàmú. Ó gun orí òkúta kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ké igbe gígùn kan. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó dákẹ́. Láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnìkan gbè é. Ẹlòmíràn tún gbè é níwájú. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ti oko kan bọ́ sí oko kejì títí kò fi dé etí mi mọ́. Ràfíù ní bí wọ́n bá ti gbọ́ irú igbe yẹn, ẹni tó ń kọ ebè á sọ ọkọ́ sílẹ̀, kò ní bi pé ọmọ ta ni.

Wọ́n dé. Mo ṣì ń wòye pé wọn ò ní tètè dé nígbà tí mo rí orí wọn lókè, wọ́n tò sétí àpáta, àwọn tí n kò mọ̀ rí láyé mi. Okùn tí wọ́n mú wá tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi ń di iṣu. Bí wọ́n bá fi sí mi lábíyá, yóò gé ẹran ara mi. Bàbá Bùnmi wá yọ láàárín wọn, igbà ń bẹ léjìká rẹ̀.

Ó so okùn wọn mọ́ igbà náà lápá méjèèjì, ó jù ú sílẹ̀. Délé sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó gbé mi jókòó sínú igbà bí ẹni tó gun jàǹgìlófà. Ìsàlẹ̀ ni mo wà, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

"Ẹ kọ́kọ́ yí okùn yẹn mọ́ igi! Rárá, lápá òsì! Kókó yẹn kò dáa, ẹ tú u..."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sétí àpáta. "Ọmọ mi."

"Bàbá?"

"Dákẹ́."

Mo dákẹ́. Ẹ bi Ràfíù, ó ní òun kò rí irú ẹ̀ rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di igbà tí wọn kì í fọwọ́ kàn mú, wọ́n sì ń fà mí. Igbà ń ha sétí àpáta, mo ń gbọ́ ọ, ó ń dún bí ẹni ń họ ara. Mo mọ ohun tí dídún yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n dákẹ́. Ọwọ́ wọn bà mí lábíyá. Kò pẹ́ tí wọ́n fa Délé náà jáde ni òjò dé, omi sì gba ibi tí mo jókòó sí kọjá bí ẹni tó ń sáré lọ sílé.

LÓRÍ ÈJÌKÁ

Wọ́n gé ìdí àpò kòkó méjì, wọ́n ki igi gígùn méjì bọ̀ ọ́, wọ́n tẹ́ mi sí i. Àwọn mẹ́rin gbé e. Lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó fara pa láti orí òkè, àpò náà kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi dé ilé. Òkú là ń gbé kalẹ̀ lọ́nà, wọ́n ní. Nítorí náà bó bá rẹ ẹnìkan, ẹlòmíràn á ti èjìká bọ abẹ́ igi kí ẹni àkọ́kọ́ tó yọ tirẹ̀. Nínú òjò, lórí ibi tó ń yọ̀, láàárín gbòǹgbò. Mo ka èjìká títí mo fi ṣì í kà.

Wọn kò sì jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá ti dijú, ọ̀rọ̀ á bọ́.

"Ará Ọ̀yọ́! Kí lẹ jẹ? Ẹ wúwo ju ẹyìn lọ!"

"Iyán ìyàwó Ràfíù ni."

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ lókè nílé yín?"

"A ní. Ó ga ju tiyín lọ."

"Ta ló ń gbé yín sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé igi ń mì lábẹ́ mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ sì ń gún mi bí ọ̀bẹ.

Nísàlẹ̀, àwọn obìnrin ti ń dúró pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ àti omi gbígbóná. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi pákó méjì di ẹsẹ̀ mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fà á. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé mi kalẹ̀, lórí ibùsùn. Nígbà tí mo gbójú sókè láti dúpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sí oko. Òjò dá, ebè ń dúró. Títí di òní n kò mọ orúkọ wọn tán.

ẸSẸ̀

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti to egungun mi. Dókítà ní ká ní wọ́n fa ẹsẹ̀ yẹn lórí òkè ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mo gbé ilé Ràfíù títí ó fi jinná. Àìsàn àlejò ni mo ṣe, ṣùgbọ́n n kò nìkan wà lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn télọ̀ á ti mọ́ṣáláṣí yà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá ilé òdìkejì tó fẹ̀yìn tì á wọlé pẹ̀lú kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, a ó máa jiyàn lórí ìjọba títí iyán á fi tutù. Obìnrin kan láti Ìdásẹ̀n tí n kò rí rí gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ó ní òun gbọ́ pé àlejò kan ṣubú.

Bàbá Bùnmi wá, ó ru iṣu. Mo ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà. Mo béèrè igbà.

"Ó wà nílé."

"Ṣé ẹ ṣì fi ń gun ọ̀pẹ, bàbá?"

Ó dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Bùnmi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí bàbá lọ ṣe alùwàlá... rárá, ẹ forí jì mí, ìjọ Kátólíìkì ni bàbá, ọwọ́ ló lọ fọ̀. Bùnmi ní igbà tó bá ti gbé ẹni tó ṣubú kì í gun ọ̀pẹ mọ́ láéláé. Kódà bí kò bá já. Èyí sì ti ha sára àpáta, fọ́nrán rẹ̀ ti ń yọ. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó so ó. Òun àti bàbá tirẹ̀ ni wọ́n jọ hun ún nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Òun nìkan ló ń hun tuntun báyìí, ọwọ́ kò sì yá bí ti àtijọ́. Ẹyìn ń pọ́n lórí ọ̀pẹ, ó ń já fúnra rẹ̀.

Nígbà tí bàbá padà, mo ní kí ó jẹ́ kí n fi okùn kànga mi ránṣẹ́, èyí tó dára jù lọ nínú okùn mi, tí n kò fi ya ẹnikẹ́ni rí.

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ọmọ mi, okùn tìrẹ, ìsọ̀kalẹ̀ ló kọ́. Tèmi, òkè ló ń lọ. Fi tìrẹ ṣiṣẹ́ rẹ. Bí o bá wọ kànga kí o sì jáde, ránṣẹ́ sí mi."

Mo ti wọ kànga láti ìgbà tí mo ti dé. Kànga ìyá àgbà kan nílé wa ni, ó jìn, ògiri rẹ̀ le. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ara mi, mo sì jáde fúnra mi. Mo ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn tí bàbá fi rán Ràfíù ni pé òun ti hun igbà tuntun dé ìdajì.

Ẹsẹ̀ méjì ni mo gbé lọ sí Ìmèrí, ẹsẹ̀ méjì ni mo gbé bọ̀. Ohun tó sọnù nìyí: bàtà kan, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fìlà kan. Fóònù kan. Àpò kòkó méjì, tí n kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Igbà kan, ti bàbá Bùnmi.